Híta Píjó Bàbá Mi

Aago márùn-ún ààbọ̀. Ọyẹ́ ti bu ìyẹ̀fun sójú gíláàsì.
Mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ Píjó bàbá mi,
ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó gbà.
Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìborùn méjì lórí ara wọn,
ó fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe ìbọ̀wọ́.
Láti Bukuru dé ọsibítù ní Jos,
Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan, nítorí oríkèé tó ń ro ó.
Mo tan híta.
Atẹ́gùn tó jáde tutù bí ọ̀rọ̀ àna tí ń bínú.
"Pa á," ló wí. "Tìta ti tó mi."

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní ogbó ni.
Èkejì ní kí n tà á,
ó tilẹ̀ ti mọ ẹni tí yóò rà á.
Ẹ̀kẹta bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi híta ṣe ní Nàìjíríà.
Mo ní kó wá bá wa wọkọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò wá.

Chuwang ni kò sọ nǹkan kan.
Ọmọ Bẹ́róòmù, kúkúrú, èékánná dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí tíì rẹ̀ fi tutù nínú ife,
ó wo abẹ́rẹ́ ooru: abẹ́rẹ́ ṣì dùbúlẹ̀.
Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó di rọ́bà méjì mú,
ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì,
bíi nọ́ọ̀sì tí ń wá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ arúgbó.
"Eléyìí lọ́ wọ́ọ́rọ́. Eléyìí tutù.
Omi gbéra, kò délé."
Haúsá ló fi sọ ọ́, Yorùbá ni mo fi gbọ́ ọ.

Ó tú bóòtù méjì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ilé tamositáàtì.
Ilé wà,
onílé ò sí.
"Ta ló yọ ọ́?"
Mo rántí. Ìbàdàn, ọdún tí bàbá mi kú,
ọkọ̀ hó ní Ìwó Róòdù,
ẹ̀gbọ́n mi gbé e fún ọkùnrin kan tó ní
ìlú ooru la wà, irin yìí ò wúlò,
ó sì jù ú sínú agolo, láàárín àwọn bóòtù tó ti dógùn-ún.
Ohun tí Ìbàdàn kò fẹ́,
òun ni Jos ń fi gbogbo eyín gbọ̀n wá.
Láti ìgbà náà ni omi ti ń sáré kiri,
kò dúró níbì kan tó fi lè móoru.

Bẹ́ẹ̀ náà kọ́ ló parí o. Ó yọ àwọn rọ́bà,
ó fi omi ẹ̀rọ ti ikùn híta láti ẹ̀yìn wá síwájú:
ìpẹtà ń tú jáde, ó pọ́n bí omi kòtò tánganran
tí bàbá mi torí ẹ̀ kúrò l'Ógbómọ̀ṣọ́, tó wá di akọ̀wé.
Ọmọ iṣẹ́ ra tamositáàtì mẹ́ta bọ̀ láti ọjà.
Chuwang sè wọ́n nínú agolo mílíìkì:
ọ̀kan kọ̀, kò lanu,
ọ̀kan là á, kò lè pa á dé,
ọ̀kan rọra yanu bí ọmọ ẹyẹ. Ìyẹn ló mú.
Ó gbé imú ọkọ̀ sórí òkè, ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀
kí atẹ́gùn tó há sínú lè gùnfẹ̀.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ká tó kọjá Zawan,
abẹ́rẹ́ dìde, ó dúró láàárín.
Híta kọ́kọ́ pọ ekuru ọdún mẹ́sàn-án,
lẹ́yìn náà ooru gun orúnkún wa,
òórùn Róòbù sì tẹ̀ lé e jáde,
Róòbù tí bàbá mi máa ń fi ra ẹnu ihò yẹn bí imú rẹ̀ bá dí.
N kò wò ó lójú.
Màmá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan, ó bọ́ èkejì,
ó na àwọn ìka síwájú ihò náà,
ó ń ká wọn, ó ń nà wọ́n.
Mo rò pé ẹkún ló kàn.
"Dín in kù," ló wí. "Ṣé o fẹ́ yan mí jẹ ni?"