Ilẹ̀kùn Òkè Kejì

Oyèpẹ̀jú kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù
nílé ìwòsàn kan lẹ́yìn Tákìé.
Ó ki kọ́bọ̀ àtijọ́ bọ abẹ́ rẹ̀.
Ó wọlé. Àyè ṣì kù.
"Èéfín yóò gba ibí," ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Wáyà inú dígí pé,
ṣùgbọ́n igun ọ̀tún ti sán.
Àgbékọ́ mẹ́ta: ìṣó ni wọ́n fi kan ọ̀kan.

Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi dá a dúró.
"Ooru ni, ìyá," Bàbá Àjàgbé tó ń ṣọ́nà ló wí.
Ó gbé búlọ́ọ̀kù kúrò;
ilẹ̀kùn ń bọ̀, ń bọ̀, ó dúró,
ó ku ìka méjì kó padé.
"Bàbá, iná kì í kágò."

Lálẹ́, n'Ísàlẹ̀ Àfọ̀n,
odó ló di ilẹ̀kùn ìdáná tirẹ̀ mú, gbayawu.
Ó wò ó títí.