Tépù Lọ́rùn Àgbẹ̀

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ n'Ípẹru,
mo gé kaba, mo rán sòkòtò,
títí abẹ́rẹ́ fi ń gún mi níka
bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.
Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo gba oko bàbá mi lọ lẹ́yìn Ìlárá,
tépù ṣì wà lọ́rùn mi.
N kò rántí yọ ọ́.

Ilẹ̀ náà ò burú. Ọwọ́ wa ni.
Gìgísẹ̀ ni Ọ̀nàdẹ̀kọ́ bàbá mi fi ń gbẹ́ ihò,
á ju hóró márùn-ún sí i:
ọ̀kan fún àparò, ọ̀kan fún ọ̀kẹ́rẹ́,
ọ̀kan fún ẹni tó ń gba etí oko kọjá,
méjì fún wa.
Lọ́dún tí àparò kò bá wá ńkọ́?
Márààrún á jọ hù, wọn á máa fa ara wọn láṣọ ya,
wọn á ga, wọn á rí tíńrín,
wọn á yọ ọmọ bí ìka ọwọ́ ìkókó.
Àpò mẹ́ta lórí éékà kan. Ọdọọdún, àpò mẹ́ta.
A ní òjò ni. A ní ọ̀tá ni.

Ọmọbìnrin kan, Ṣówẹ̀mímọ́, láti ọ́fíìsì àgbẹ̀ n'Íkẹ́nnẹ́,
fi alùpùpù dé, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún.
Ó wo ọrùn mi, ó rẹ́rìn-ín:
“Bàbá, ohun tí mo wá kọ́ yín ti wà lọ́rùn yín.”
Ọgbọ̀n ínǹṣì láàrin ìlà sí ìlà,
ínǹṣì mẹ́wàá láàrin hóró sí hóró,
ọ̀kan ṣoṣo nínú ihò.
Ó ní kí n kọ́kọ́ di hóró mẹ́wàá sínú àkísà tútù.
Ti àká bàbá mi, mẹ́rin ló hù.
Ti tirẹ̀, mẹ́sàn-án.

Òjò kejì oṣù Ẹrẹ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Èmi àti Tàlàbí ọmọ ọmọ mi na okùn láti èèkàn dé èèkàn,
mo fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ sàmì sí i.
Àwọn ará Ìlárá dúró létí títì:
“Télọ̀, ṣé sòkòtò lẹ fẹ́ rán fún ilẹ̀ ni?”
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó gùn dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Tàlàbí ń yọ̀,
méjì-méjì bọ́ síhò káàkiri.
Lọ́jọ́ kejìlá mo bẹ̀rẹ̀, kí n fa ọ̀kan tu.
Ìyá mi figbe ta láti abẹ́ ọ̀pẹ:
“Èyí tó yè! Èyí tó yè lo ń fà tu!”
Ọwọ́ mi kọ̀.
Mo rántí ọjọ́ tí ọ̀gá mi ní kí n ki àlùmọ́gàjí bọ àǹkárá tuntun,
bí mo ṣe ń gbọ̀n.
Ẹni tí kò lè gé, kò lè rán.
Mo fà á. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun bí òwú.

Koríko ò dúró de ẹnikẹ́ni:
ọkọ́ lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ́ lọ́sẹ̀ karùn-ún.
Mo ta ẹ̀rọ mi kejì ra ajílẹ̀,
ọmọrí ìgò kan fún ìdí kan,
kó jìnnà sí i ní fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́,
kí a fi erùpẹ̀ bò ó,
kí òjò má gbé ẹ̀rọ mi lọ fún odò.

Apá ìsàlẹ̀, omi dúró níbẹ̀, kò so nǹkan kan.
N kò ní purọ́ fún yín.
Ìyókù, àpò méje.

Ìyá mi mú ọ̀kan, ó bó aṣọ rẹ̀,
ó bó òmíràn, ó tún bó òmíràn.
“Ìhòòhò ló lọ sóko,” ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀,
“ta ló rán gbogbo èyí?”
Ó fa tépù yọ lọ́rùn mi, ó fi wọn àgbàdo náà.
Kò mọ nọ́ńbà kà.
Ó ní, “Ó ti tó.”

Mo ní rárá, Ìyá.
Apá ìsàlẹ̀ ṣì kù.