Ihò Lẹ́tà

Ilé alájà mẹ́ta ni mò ń gbé ní Keighley,
ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó jìn,
kóòtù àlòkù sì kún un dé orí àtẹ̀gùn:
èyí tí kòkòrò jẹ lápá, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ já,
èyí tó ṣì ń rùn tábà olówó rẹ̀ àkọ́kọ́.
Mo ń tú wọn, mo ń tún wọn gé
fún ẹni tí òtútù ń pa.

Nígbà tí mo fẹ́ ní ìsọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì,
ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n:
“Ṣé yàrá yín gbòòrò?”
Wọ́n ní ó gbòòrò, pé àwòrán mi kò lè kún un láé.
Pọ́n-ùn mẹ́ta lóṣù. Mo sanwó, mo yọ̀.
N kò bèèrè bí ẹnu ọ̀nà ti fẹ̀ tó.

Èmi náà! Èmi tí mò ń gbé kọ́kọ́rọ́ gáàsì lọ sí ṣọ́ọ̀bù
ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n bá mi fi pọ́n-ùn mẹ́wàá sí i,
tí mò ń ṣọ́ míta bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná,
mo rò pé ojú lásán ni wọn ń fi wò,
pé wíwò kì í tán.

Oṣù Kọkànlá dé, yìnyín bo orí òkè.
Obìnrin kan dárúkọ mi lórí rédíò.
“Ẹ lọ wo kóòtù rẹ̀,” ó ní.
Wọ́n lọ. Wọ́n rọ́ lọ.
Mo jókòó ti fóònù, mo ń retí kí ó dún.
Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, èmi fúnra mi kan ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi,
ojú ewé funfun kan dá mi lóhùn:
*Ìwọ̀n tí ẹ rà fún oṣù yìí ti tán.*

Haroon, ọmọ aládùúgbò, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
jókòó sórí àpótí òwú, ó ń jẹ tósìtì mi.
“Àǹtí, àwòrán kan wúwo tó mélòó?”
N kò mọ̀ pé àwòrán ń wúwo.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì mi kọ ọ́ sẹ́yìn bébà ìgéṣọ:
ojú ewé kan, mẹ́gábáìtì méjìlá.
Ẹni tó bá ṣí i, méjìlá ló gbé jáde.
Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣí i, ó di jígábáìtì méjìlá.
Mẹ́wàá péré lẹ rà.
Ó nàka sí ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn:
“Ilé yín gba igba kóòtù.
Èwo nínú wọn ló lè gba ibẹ̀ yẹn kọjá?”

Mo tún yan búrẹ́dì méjì fún un.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ohùn ẹni tó gbé e dùn létí.
Ó ní kí n bọ́ sí ètò Àìlópin, pọ́n-ùn mọ́kànlá.
Ogún ọdún ni mo ti ń ránṣọ,
n kò tíì rí aṣọ tí kò ní ìṣẹ́tí.
Mo wá a dé ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà:
*bí ìlò yín bá pọ̀jù, a ó dín eré rẹ̀ kù.*
Mo ní ẹ ṣeun, n ó pè padà.

Àwòrán ni mo gé.
Òru mẹ́ta. Mo rẹ́ etí wọn, mo yọ ọ̀rá wọn,
ojú bọ́tìnnì ṣì hàn, ẹrù ti fúyẹ́.
Méjìlá di ẹyọ kan.

Ìsọ̀ ṣí padà lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá.
Lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan bọ́ sórí ẹní ìnusẹ̀ mi:
lẹ́tà láti Skipton, ọwọ́ tó kọ ọ́ ń gbọ̀n.
*Mo kanlẹ̀kùn yín lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ẹ ò ṣí.
Kóòtù ọkọ mi ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ga ju gbogbo wa lọ.
Ṣé ẹ lè gé e kí ó bá ọmọ-ọmọ mi mu?*
Ó fi bọ́tìnnì kan sínú àpòòwé,
bọ́tìnnì pẹlẹbẹ, aláwọ̀ ilẹ̀,
tó gba ihò náà wọlé láìfara kan etí.