Sí Ishbel, Níbikíbi Tí O Bá Wà

Mo ti rí Osla, Ishbel.
Ẹni tí a fi ọdún mẹ́sàn-án wá,
ìwọ ní erékùṣù Unst, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí igi dàgbà,
èmi ní Dunedin, lójú òkè tó ń dá eékún lóró.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí i, orúkọ ọjọ́ sì ro mí,
nínú ìwé ìsìnkú ìlú àwọn awagóòlù,
ìlà tó kẹ́yìn lójú ìwé,
tádàwá rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì.
Akọ̀wé tó so ó pọ̀ mọ́ ọkọ kò gbọ́ ohùn erékùṣù yín:
ó ní "Osla," ó kọ "Ursula."
Lẹ́tà mẹ́ta péré
ni wọ́n fi gbé obìnrin kan sọnù fún ogóje ọdún.

Mo pariwo. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìwé gbójú sókè.
Mo ní, ẹ má bínú, ẹbí ni.
Ẹbí ta? Kì í ṣe tèmi.
Tìẹ ni. Èmi wulẹ̀ bá ọ wá a ni,
bí o ṣe bá mi wá bàbá mi àgbà,
tí o dúró nínú òjò, tí o ń fi èékánná ha èéhù lójú òkúta
kí o lè ka ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún mi lórí fóònù.

Mo délé, mo kọ ímeèlì.
Kí n tó bu tíì mu, ó ti padà:
kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Mo pe nọ́ńbà. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹja ló gbé e,
ó jẹ́ kí n rojọ́ mi tán,
ó wá béèrè bóyá mo fẹ́ ra gbígbẹ tàbí tútù.
Mo kọ lẹ́tà. Ó lo oṣù méjì.
Ó padà tòun ti ìlà pupa lórí orúkọ rẹ,
bí olùkọ́ ṣe ń fagi lé àṣìṣe.

Ṣé o kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ tó ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì?
Ṣé orúnkún rẹ ló gbé ọ dé ilé àwọn arúgbó?
Àbí... rárá. N kò ní kọ ìyẹn sílẹ̀.
A ti ka ìwé òkú pọ̀ jù, èmi àti ìwọ;
ọwọ́ wa ti yá jù láti fi ọjọ́ kejì sẹ́yìn orúkọ.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, wọ́n ní.
Àwa méjì péré, àgbà sì ni wá, a kò lo mẹ́wàá.

Òkú ni kì í kó lọ.
Osla wà níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, lẹ́bàá ọgbà,
orúkọ àjèjì lórí rẹ̀, ó ń dúró dè wá.
Alààyè ló ń pa nọ́ńbà dà bí ẹni ń pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí ọ
kí n tó rántí pé èmi náà ti kó.
Nígbà tí Avis kú, ilé yẹn fẹ̀ jù.
Mo tà á. Mo pa ímeèlì tí a jọ ń lò rẹ́,
nítorí orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú tèmi níbẹ̀.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ǹ bá sọ fún?
Ìwọ. Ìwọ ni ǹ bá sọ fún.

Lánàá mo gun òkè padà lọ sílé wa àtijọ́.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kun ilẹ̀kùn ní àwọ̀ ewé.
Mo bi í bóyá lẹ́tà dé rí láti òkè òkun.
Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó wọlé, ó pẹ́,
ó gbé páálí bàtà kan jáde:
bíìlì iná, ìwé ìpolówó irúgbìn tí Avis máa ń kà bíi Bíbélì,
káàdì Kérésìmesì láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín.
Kò sí tìẹ.

Ó ní kí n kọ àdírẹ́sì mi tuntun sílẹ̀.
Kò sí ìwé nítòsí. Ó nawọ́ pẹ́ńsùlù sí mi,
ó tọ́ka sí ara ògiri tí kò tíì kùn.
Mo kọ ọ́ gàdàgbà.
Mo fi kún un nísàlẹ̀: Mo ti rí Osla.