Ìjánu Kejì

Ìjánu méjì ló wà nínú ọkọ̀ tí mo fi ń kọ́ni:
ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́,
ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń jókòó lápá ọ̀tún
ní Sodankylä, níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá
ti ń ṣe bí onígbèsè:
a retí rẹ̀ títí, kò yọjú.
Àwọn ọ̀dọ́ ló sábà ń wá bá mi,
àwọn tí ọkàn wọn ti dé Rovaniemi
kí ọwọ́ wọn tó kan kọ́kọ́rọ́.

Irmeli kì í ṣe ọ̀dọ́.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni.
Ogójì ọdún ni ọkọ fi wa ọkọ̀,
tí ìyàwó ń bó ọsàn sí i lẹ́nu.
Ṣùgbọ́n ìkùukùu ti bo ojú Veikko,
wọ́n ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀,
kíndìnrín rẹ̀ náà sì ń fẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.
Àádóje kìlómítà sí ilé ìwòsàn.
Ta ni yóò gbé e lọ?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó di sítíárì mú bí ìwo màlúù.
Mo ní, "Dẹwọ́ díẹ̀, kò ní sá."
Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."
Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá níwájú ilé epo.
Òun ló kà á. Èmi kò kà.

Mo gbé e lọ sí pápá yìnyín,
níbi tí a ti ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí táyà yọ̀.
Mo ní, "Ojú la fi ń wa ọkọ̀, Irmeli, kì í ṣe ọwọ́.
Ibi tó o bá tẹjú mọ́ lò ń lọ.
Bó o bá ń wo igi nítorí pé o bẹ̀rù igi,
igi yẹn náà ni wàá lọ bá."
Ó tẹ iná. Ọkọ̀ yọ̀ bí ọṣẹ nínú omi,
ó pòòyì lẹ́ẹ̀mejì,
ó dúró, ó kọjú síbi tá a ti ń bọ̀.
Kẹ́kẹ́ pa.
Ni ìyá àgbà bá bú sẹ́rìn-ín
bí ọmọ tó jí ṣúgà lá.
"Tún un ṣe," ó ní.

Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kan níbi ìdánwò:
eré rẹ̀ ti kéré jù.
Ó bi mí, "Kí ló ń lé wọn?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan (aago mẹ́ta ọ̀sán ni,
ilẹ̀ ló ti ṣú)
ẹsẹ̀ mi gbéra lójijì sí ìjánu kejì.
Kò tíì balẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń rọra dúró.
Ó ti rí wọn ṣáájú mi:
àgbọ̀nrín méjì láàárín títì,
ojú wọn ń tàn bí ẹyin iná.
Ó rẹ iná iwájú sílẹ̀. Wọ́n kọjá, wọ́n wọgbó.
Mo ní, "Ó yá, máa lọ."
Ó ní, "Dúró. Ìyá wọn ń wẹ̀yìn."
A dúró. Yìnyín ń bọ́ sórí gíláàsì.
Ọmọ kékeré kan já jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n,
ó fò kọjá níwájú wa gan-an.
Ká ní èmi ni, mo ti lọ.
Èmi, ọ̀gá.

Mo rí wọn ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá nílé epo.
Irmeli fa bẹ́líìtì ọkọ rẹ̀ wò kó tó fa tirẹ̀.
Veikko wà lápá ọ̀tún, ó ń bó ọsàn,
ìka rẹ̀ ń táràrà wá ojú èèpo,
ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ kápẹ́ẹ̀tì, ó ń tẹ̀ ẹ́,
níbi tí kò sí ìjánu kankan.
Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kan gíláàsì,
kí n sọ fún un pé kó sinmi.
Wọ́n ti ń yà sí títì.
Irmeli la ẹnu, ó gba ẹ̀là ọsàn kan,
kò yíjú. Ọ̀nà ló ń wò.