Kí Ajá Má Baà Fura

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kó ẹrù sínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
aṣọ kan lónìí, bàtà kan lọ́la,
bí olè tó ń jí ẹrù ara rẹ̀ kó,
kí ajá má baà fura.

Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀.
Bàbá Pugh tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní orúkọ mìíràn tó ń pè é.
Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú bàbá náà jáde
ni ajá sọdá ọgbà wá bá mi, kò sì padà mọ́.
Mo sọ ọ́ lórúkọ bí àwọn àgbà ilé wa ṣe ń sọ ajá:
ọ̀rọ̀ tẹ́nu ò lè sọ fáráyé,
ajá ni wọ́n fi í pè.

Carys dé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, òjò Swansea lórí fìlà rẹ̀.
Mo mú un yílé ká.
Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí máa ń há. Èjìká ni kó o fi tì í, má fi ìbínú tì í.
Bóílà yìí máa ń kùn bí àgbà tí wọn ò pín ẹran kàn.
Jẹ́ kó kùn. Yóò gbóná tó bá yá.
Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni kó o gbé ìdọ̀tí síta,
má gbé e síta lóru:
àwọn ẹyẹ òkun àdúgbò yìí ò gba ẹ̀bẹ̀.
Abọ́ áísìkiriìmù mẹ́ta ló wà nínú fírísà.
Kò sí áísìkiriìmù níbẹ̀. Ata ni.
Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní n ò ṣàwàdà.

Oògùn ajá, ààbọ̀ hóró láràárọ̀; ọkàn àgbà ló wà láyà rẹ̀.
Fi ẹ̀dọ̀ adìẹ wé e.
Bó bá jẹ ẹ̀dọ̀ tó tu oògùn,
wò ó lójú, kó mọ̀ pé o rí òun, kó o tún un wé.
Àlùbọ́sà, rárá. Ṣokoléètì, rárá,
bó ti wù kó ṣojú àánú tó.
Ti ológbò ò le, ṣùgbọ́n Àǹtí Moróunkéjì ní Cardiff
ò gbọdọ̀ gbọ́ pé mo ní ológbò.
Bó bá kan ilẹ̀kùn, gbé e lọ sókè.
Carys béèrè ìdí.
Mo ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn ju ìrìn àjò mi lọ.

Ó wá ku èdè.
Tanímọ̀la ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́; ẹnu ọ̀nà Bàbá Pugh ló fi í sí.
“Jókòó,” ni mo wí.
Carys náà wí i, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí iyanrìn etíkun.
Ajá wò ó. Ajá wò mí.
Mo ní: gòkè, sọ̀ kalẹ̀, tún gòkè,
bí òpópónà yín gan-an.
Lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, ajá jókòó,
Carys sì fò sókè bí ẹni tó yege ìdánwò.

Mo ní, bó o bá ń jáde, má sọ fún un pé ò ń lọ.
“Mò ń bọ̀” ni kó o wí.
“Ṣùgbọ́n lílọ ni mò ń lọ?”
Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí à ń wí nìyẹn.

Bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ti ń gbàgbé.
Lórí fóònù, ó ń bi mí pé ọmọ ta ni mí.
Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo dúró nídìí mọ́tò
tí mo sọ fún un pé mò ń bọ̀.

Aago mẹ́rin ìdájí.
Mo tẹ́ ìborùn mi tí n ò fọ̀ sórí ibùsùn ajá.
Ó lajú sílẹ̀, kò dìde.
Mo wí ohun tí à ń wí.
Ìrù rẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Heathrow ni mo ti ṣí báàgì, tí mo ń wá ìwé ìrìnnà.
Irun ajá ló kún orí rẹ̀, pupa, fúnfun,
ibi tó ń wọ́ wá sùn lé láti ọjọ́ mẹ́ta.