Òjò Tó Ń Ṣa Èèyàn

Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Wimmera, lóṣù Bélú,
koríko ga dé ìbàdí, lẹ́búlẹ́bú kún orí rẹ̀.
Ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí ajá wa
gbẹ́ ihò sábẹ́ táǹkì omi, ó sùn sínú rẹ̀.
Nírọ̀lẹ́, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀.
A ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Wọ́n ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́,
ẹni eji rí leji ń pa.
Ti ọjọ́ náà ṣa èèyàn.

Ìjì ló kọ́kọ́ gbá koríko,
ó gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ wọnú ìkuukùu,
omi mu ún yó, ó bẹ́,
ó fọ́ wẹ́wẹ́ kọjá ohun tí irun imú lè dá dúró,
atẹ́gùn tútù sì dà á padà lé wa lórí.
A pè é ní ìtura. A fà á símú dáadáa.

Èmi àti Tavish la jọ jó nínú rẹ̀,
ọmọ ìyá kan, ẹsẹ̀ lásán.
Èmi sín lẹ́ẹ̀mejì.
Òun wúkọ́.

Ikọ́ gbígbẹ, ikọ́ kékeré,
bí ẹni ń kanlẹ̀kùn tí kò fẹ́ jí onílé.
Lẹ́yìn náà àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.
Èmi ni mo kọ́ ọ ní súfèé nígbà Kérésì;
mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni,
títí ó fi jókòó, tó tẹ ọwọ́ mọ́ orúnkún,
tí èjìká ń ròkè ń rodò,
tí awọ ara ń kó wọnú àlàfo ìhà rẹ̀.
Ó ní, “Mi ò...” Ó wá èémí. “...lè...”
Èyí tó kù kò jáde.

Agolo búlúù tó ń fọ́n oògùn sọ́fun wà nínú àpò ìwé,
àpò ìwé wà nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé,
bọ́ọ̀sì ti lọ sí Nhill.
Lórí fóònù wọ́n ní ká ṣe sùúrù,
gbogbo ìlú ló ń pè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ètè rẹ̀ dà bí ẹni mu aró.
Súfèé dáwọ́ dúró. Bàbá ní, “Ó ti rọlẹ̀.”
Ìyá àgbà wa Glenys, tó ṣe nọ́ọ̀sì rí,
ti já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbà:
“Àyà tó ń súfèé ṣì ń jà.
Èyí tó dákẹ́ ni kí ẹ sá fún!”

Ní ọsibítù, àga ti tán, a jókòó sílẹ̀.
Mo rí Ọ̀gbẹ́ni Battistella aládùúgbò wa,
tí kò ní ikọ́ fée rí,
tí kì í ju kó sín lọ lọ́dọọdún.
Wọ́n fi aṣọ ta ibùsùn rẹ̀ mọ́.
Ìyàwó rẹ̀ di fìlà rẹ̀ mú.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi bá Tavish mí.

Báyìí, bí òjò bá ṣú, a ti fèrèsé pa.
Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ gíláàsì,
ó ní kí n sọ òórùn òjò fún òun.
Mo ní kò rùn.
Irọ́ ni mo pa.